Wọ́n gbà mí síṣẹ́ ìwádìí lórí àyẹ̀wò àrùn àjogúnbá lára ọmọ tuntun. Kí ni mò ń lọ bá níbẹ̀ gan-an?

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ gíga lórí ìlera gbogbo ènìyàn ni, wọ́n sì ti fún mi níṣẹ́ olùwádìí ní ẹ̀ka tó ń rí sí àyẹ̀wò àrùn àjogúnbá lára ọmọ tuntun. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n wọlé. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé wọ́n máa ń gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí káàdì, lábù á wò ó. Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe ará lábù.

Nígbà tí mo bi ọ̀gá tó gbà mí pé kí ni màá máa ṣe lójoojúmọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wàá máa wá àwọn ọmọ tó sọnù." Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí ló wà níbẹ̀? Kí ni kí n kà kí n tó débẹ̀?

Arúgbó_Lábù:
Ẹ káàbọ̀. Ọ̀gá yín ò ṣàwàdà rárá.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi jókòó ti ẹ̀rọ ní lábù àyẹ̀wò ọmọ tuntun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tuntun tó bá ti wọlé, ojú ẹ̀rọ ló máa ń wò. Ẹ̀rọ ò níṣòro. Láti àwọn ọdún 1990 tí tandem mass spectrometry, ẹ̀rọ tó ń fi ìwúwo dá èròjà inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀, ti dé ìdí iṣẹ́ yìí, ègé bébà róbótó kan tí kò ju bíi mìlímítà mẹ́ta lọ ti tó o láti wo ọ̀pọ̀ àrùn lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibi tí ọmọ ti ń sọnù ni kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, àti lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ kàwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àrùn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní PKU (phenylketonuria), torí òun ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ara ọmọ tó ní in kò lè lo phenylalanine tó wà nínú purotéènì. Á máa gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì máa ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ ó gbé e, ẹ ó ní ọmọ yìí mà dára o. Ní 1934, ní Norway, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ìṣòro ọpọlọ kò yéé sọ ọ́ pé òórùn kan wà lára ìtọ̀ wọn. Asbjørn Følling ló wá fetí sí i. Ó kán kẹ́míkà kan, ferric chloride, sínú ìtọ̀ náà, ó sì di àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe mọ àrùn náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ọmọ méjèèjì. Ní àwọn ọdún 1950, Horst Bickel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham, ní England, fi hàn pé oúnjẹ tí wọ́n yọ phenylalanine inú rẹ̀ kúrò máa ń ṣiṣẹ́. Ìtọ́jú wá wà, ẹni tó máa rí ọmọ náà lásìkò ni kò sí.

Robert Guthrie ló yanjú ìyẹn ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tirẹ̀ ní ìṣòro ọpọlọ, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan sì ní PKU tí wọn ò tètè mọ̀. Ó wá ọgbọ́n fi kòkòrò bakitéríà wọn phenylalanine inú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń yìn ín nítorí kòkòrò yẹn. Lójú tèmi, bébà gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sórí bébà kò bá ẹnikẹ́ni wá fíríìjì. Ẹ ó fi sínú àpòòwé, ó di ọwọ́ oníléta. Massachusetts sọ àyẹ̀wò náà di òfin ní 1963. Ìgbà náà ni káàdì ti ń rìn, ìgbà náà ló sì ti ń pẹ́ lọ́nà.

Agbẹ̀bí_Òru:
Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí àwa tó ń gún ọmọ náà sọ tiwa.

Àbúrò, kí o tó ṣí dátà kankan wò, lọ dúró ti agbẹ̀bí kan fún òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Wàá rí i pé káàdì yẹn kì í ṣe ìwé lásán. A ó kọ́kọ́ mú kí ẹsẹ̀ ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè sún wá. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ là ń gún, a kì í gún àárín, torí eegun ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, a ó nù ún dànù. Ìkejì ni a ó jẹ́ kó tóbi dáadáa kó tó kan bébà, kó rin ín já sí ẹ̀yìn. Ẹ̀kán kan fún àmì róbótó kan. Bí ẹ bá kán an lórí ara wọn, ó nípọn jù. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ ọmọ jù, omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Gbogbo èyí, ọmọ ń ké, ìyá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹlòmíràn sì ń pè ọ́ láti yàrá kejì.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ sùn gbalaja, kó gbẹ fún bíi wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, níbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Mo ti rí ẹni tó sáré ki káàdì tútù sínú ọ̀rá nítorí pé ẹni tó ń kó o lọ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó dé lábù, wọ́n dá a padà.

Àti ọ̀rọ̀ àkókò. A fẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rìnlélógún kí a tó gún un, kó má sì ju wákàtí méjìdínláàádọ́ta lọ. Bó bá yá jù, phenylalanine lè má tíì gbá jọ tó, ọmọ á yọ́ kọjá. Ti táíróòdì tó wà lọ́rùn ńkọ́, ara ọmọ máa ń da omi ìsúnniṣe rẹ̀ jáde gan-an lẹ́yìn ìbí, ẹ ó rò pé àrùn wà níbi tí kò sí. Ṣùgbọ́n ìyá fẹ́ lọ sílé ní wákàtí méjìlá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Bí mo bá gún un nísinsìnyí, èsì lè tàn wá. Bí mo bá ní kó padà wá, ó lè má padà. Bí ọmọ bá sì máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, àyàfi kí a tètè gún un ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni lábù máa wò.

Ó ku èyí tó ń dùn mí jù: orúkọ. Ọmọ náà kò tíì lórúkọ lọ́jọ́ tí mo ń kọ káàdì. "Ọmọkùnrin", orúkọ ìyá, ó tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọmọ ti ní orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ẹ wá ń wá "Ọmọkùnrin" kiri. Ẹ̀yin olùwádìí á wá kọ ọ́ pé ó sọnù. Kò sọnù o, ó wà nílé rẹ̀.

Ẹlẹ́nu_Ò_Dákẹ́:
Pẹ̀lú gbogbo ìyọnu yìí, kí ló dé tí wọn ò kúkú ka jínómù ọmọ, ìyẹn gbogbo àkójọ jíìnì rẹ̀, látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo àrùn tó wà níbẹ̀ hàn? Ẹ̀rọ ti wà. Ẹ̀yin ènìyàn fẹ́ràn ìlọ́ra jù.

Oníṣirò_Alẹ́:
Ẹlẹ́nu, kíkà rẹ̀ kò nira. Ní England, ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní Generation Study, 100,000 ọmọ ni wọ́n fẹ́ ka jínómù wọn. Ohun tó nira ni kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún ìyá lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán. Ẹ ó rí àyípadà nínú jíìnì tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹ ó pe ìyá pé ẹ rí nǹkan, ẹ ò mọ ohun tó jẹ́?

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi ti jíìnì sílẹ̀, ká mú àyẹ̀wò lásán. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àrùn kan wà tí ọmọ kan nínú 10,000 ní. A ṣe àyẹ̀wò tó dára gan-an: kò ní í fo ọmọ kankan tó ní àrùn náà, nínú 1,000 ọmọ tí kò ní in, ẹyọ kan péré ló máa fẹ̀sùn èké kàn. Ta ni kò ní gba irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀? Ó dáa, ẹ mú 100,000 ọmọ wá. Àwọn tó ní àrùn náà jẹ́ 10, a ó rí gbogbo wọn. Nínú àwọn 99,990 tó kù, nǹkan bí 100 ni a ó fi ìdágìrì lásán pè. Ìdílé 110 ni fóònù máa dún nílé wọn, 10 péré ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹyọ kan nínú mọ́kànlá. Àyẹ̀wò tó dára gan-an mà nìyẹn o. Ẹ wá sọ àrùn kan di àrùn 500, kí ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tuntun pé kí wọ́n ka ìlànà lórí àyẹ̀wò àrùn tí Wilson àti Jungner kọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1968. Ó ti pẹ́, kò tíì gbó. Mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n méjì ni mo máa ń rọ̀ mọ́: kí ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn gbà wà fún àrùn náà, kí ibi tí wọ́n ti máa ṣe ìtọ́jú náà sì wà. Bí kò bá sí ìkejì, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rò pé rírí púpọ̀ ló dára jù, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Japan. Ní àwọn ọdún 1980 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìtọ̀ àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà wò káàkiri orílẹ̀-èdè nítorí jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní neuroblastoma. Wọ́n rí i gan-an, inú gbogbo ènìyàn dùn. Àṣé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rí máa ń súnkì fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ìwádìí láti Quebec ní Kánádà àti láti Jámánì jáde ní 2002 pé kò dín ikú kù. Àwọn ọmọ ti gba iṣẹ́ abẹ àti oògùn líle fún ohun tí kò ní pa wọ́n. Japan dá a dúró. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló já wọn kulẹ̀ o. Ẹ̀rọ rí ohun tí wọ́n ní kó wá.

Ẹlẹ́nu_Ò_Dákẹ́:
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn 10 yẹn kò ní fẹ́ gbọ́ ìṣirò yín.

Oníṣirò_Alẹ́:
Òótọ́ ni. Mi ò ní èsì sí ìyẹn.

Ìyá_Ọjọ́_Mọ́kànlá:
Èmi wà lára àwọn 100. Mi kì í ṣe oníṣẹ́ ìlera, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí láti ilé ìwòsàn tí mo bí sí. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọjọ́ méje. Ẹni tó pè ní, "Èsì ọmọ yín kò dáa, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé." Mo bi í pé èsì kí ni. Ó pe orúkọ àrùn kan tí n kò gbọ́ rí, ó tún un pè, mi ò gbọ́ síbẹ̀, ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó sọ fóònù kalẹ̀. Èmi àti ọkọ mi wá ń tẹ oríṣiríṣi sípẹ́lì sínú Google títí a fi rí i. Ohun tí a kà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀sán àti òru ni mo fi ń gbé ọwọ́ sí imú ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ń mí.

Wọ́n tún un gún lọ́jọ́ Ajé. Ó di ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìpè yẹn kí wọ́n tó ní kò ní nǹkan kan. Nínú ọjọ́ mọ́kànlá náà, kò sí ẹni tó sọ fún mi pé nínú mọ́kànlá tí wọ́n bá pè, ẹyọ kan lè jẹ́ òótọ́. Orí ìjíròrò yìí ni mo ti ń kà á. Ọmọ mi ti ń sáré kiri báyìí, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná díẹ̀, ọkàn mi á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Bí mo bá tún bímọ, màá tún jẹ́ kí wọ́n gún un. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń pè mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó gbé fóònù ni.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Mo ti da ohun tí ẹ sọ kọ sínú ìwé mi.

Ìbéèrè mi fún Bàbá Lábù: wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ẹ̀ka wa máa kọ́kọ́ mójú tó. Ṣé kì í ṣe àyẹ̀wò AA, AS, SS tí gbogbo wa ti ṣe rí náà ni? Kí ló tún kù láti wádìí níbẹ̀?

Arúgbó_Lábù:
Á, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi oògùn láti wò bóyá á dàrú, ẹ má ṣe é fún ọmọ tuntun láé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti inú oyún bọ̀, haemoglobin F, èròjà pupa ẹ̀jẹ̀ ti ọmọ inú oyún, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. S, èyí tó ń fa àrùn náà, kò tíì tó nǹkan, ó lè má hàn, ẹ ó sì ní kí ìyá máa lọ sílé pé ọmọ rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Isoelectric focusing tàbí HPLC, àwọn ọ̀nà lábù tó ń ya oríṣi haemoglobin sọ́tọ̀, ló ń rí i. Àwọn ẹ̀rọ pélébé kan náà ti wà báyìí, bíi HemoTypeSC, tí agbẹ̀bí lè lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí èsì jáde lójú ẹsẹ̀.

Bí èsì lábù bá dé, ẹ ò ní rí AS tàbí SS lórí rẹ̀. FA, FAS, FS ni ẹ ó rí, torí èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Kí ẹ sì rántí pé FS kò tíì di SS. Ó lè jẹ́ S pẹ̀lú beta thalassaemia, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá mìíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn dá pẹnisílíìnì dúró o.

Pẹnisílíìnì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kí 1986 tó dé, àwọn kan ń bèèrè pé kí la fẹ́ fi mímọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí ṣe nígbà tí kò sí ìwòsàn. Ọdún yẹn ni Marilyn Gaston àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí lórí ọmọ 215 jáde. Àwọn kan gba pẹnisílíìnì ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn yòókù gba oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Àkóràn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù ní ìdá 84 nínú 100, débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò kí gbogbo wọn lè gba oògùn. Oògùn tó ti wà tipẹ́ ni o. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ náà ni pé ọlọ́ inú wọn (spleen), tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò àrùn, ti ń bàjẹ́ láti kékeré, kòkòrò kan á wọlé láàárọ̀, ọmọ ò ní í rí alẹ́. Bí ẹ ò bá tíì mọ̀ pé ó ní in, ẹ ò ní fún un lóògùn.

Ní Kumasi, ní Ghana, dókítà Kwaku Ohene-Frempong bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yìí ní 1995. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá wọ́n ti yẹ ọmọ tó lé ní 200,000 wò, nǹkan bí méjì nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àmì àrùn náà hàn lára wọn. Ẹ fi wé PKU tí ẹ ó yẹ bíi 10,000 ọmọ wò kí ẹ tó rí ẹyọ kan. Ìṣirò Oníṣirò yí padà pátápátá níbí. Níbi tí àrùn bá ti pọ̀, fóònù tó bá dún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́.

Olùdámọ̀ràn_Ìdílé:
Kí ẹ má gbàgbé pé èsì ọmọ máa ń sọ̀rọ̀ nípa òbí.

Tọkọtìyàwó kan wọlé wá jókòó níwájú mi. Ìyá ní AS lòun. Bàbá ní AA lòun, ó tilẹ̀ mú káàdì rẹ̀ dání, ó fi ìka tọ́ka sí i fún mi. Ọmọ wọn jẹ́ SS, a sì ti tún un ṣe. Yàrá náà dákẹ́. Ìyá ò gbójú sókè. Ẹ wo bí ilé ṣe fẹ́ dà rú nítorí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.

Ohun tí mo ṣe ni pé n kò sọ nǹkan kan nípa bàbá. Mo ní àyẹ̀wò àtijọ́ máa ń ní àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí á tún ti ẹ̀yin méjèèjì ṣe lónìí. Òótọ́ sì ni mo sọ, kì í ṣe pé mo ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá jáde AS. Ẹni tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nígbà náà ló ṣì í kà. Ṣé bí ó ṣe máa ń rí nígbà gbogbo nìyẹn? Rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùwádìí, bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù yín, ẹ má kọ pé ẹ máa gba jẹ́nótáìpù bàbá àti ìyá "fún àfikún dátà" láìrò ó. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí: bí wọn ò bá bá ara wọn mu, ta ló máa rí i, kí ló sì máa ṣe?

Ẹlẹ́nu_Ò_Dákẹ́:
Ẹ̀jẹ̀ tó kù lórí káàdì lẹ́yìn àyẹ̀wò ńkọ́? Ibo ló ń lọ? Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n ń dà á nù.

Amòfin_Ìlànà:
Ìbéèrè gidi lẹ bi. Ibòmíràn wọ́n ń dà á nù lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibòmíràn wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Texas, àwọn òbí gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ ní 2009 nítorí pé wọ́n ń tọ́jú káàdì náà fún ìwádìí láì gba ìyọ̀ǹda. Wọ́n yanjú ẹjọ́ náà, wọ́n sì ní láti pa káàdì tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún run. Ní Sweden ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n pa mínísítà Anna Lindh, káàdì tí wọ́n ti tọ́jú láti ìgbà tí ẹni tí wọ́n fura sí wà lọ́mọ tuntun ni àwọn ọlọ́pàá gbà láti fi wádìí rẹ̀. Kò sí ìyá tó ronú ọlọ́pàá nígbà tó na ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún agbẹ̀bí.

Èmi ò lòdì sí títọ́jú káàdì. Inú wọn ni wọ́n ti ń dán àyẹ̀wò tuntun wò kí wọ́n tó lò ó fún ọmọ alààyè. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda fún àyẹ̀wò yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda fún ìwádìí. Ẹ bèèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì bèèrè ìkejì nígbà tí obìnrin ṣì ń rọbí.

Agbẹ̀bí_Òru:
Ẹ gbà á! Fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́fà ni wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n jẹ́ kí ìyá fọwọ́ sí i kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e padà fún wọn.

Olùka_Ọjọ́:
Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti òkè. Iṣẹ́ tí Àkẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ìwé orúkọ mẹ́ta ló máa wà níwájú rẹ: àwọn ọmọ tí wọ́n bí, àwọn káàdì tó dé lábù, àwọn ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní bára mu láé. Ìbejì á di ẹnì kan. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn á di ẹni méjì. Ọmọ tó kú kí wọ́n tó gún un á máa hàn bí ẹni tí agbẹ̀bí gbàgbé. Iṣẹ́ rẹ ni láti jókòó tì í, orúkọ kan lẹ́yìn orúkọ kan, títí wàá fi mọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ ní tòótọ́. Ó máa ń sú èèyàn. Bí o bá fo ìyẹn, tó o kàn pín iye káàdì sí iye ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn, wàá rí nọ́ńbà tó rẹwà, ọ̀gá á gbé e sára ògiri, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sílé ò sì ní sí nínú rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tí káàdì dé, ọjọ́ tí èsì jáde, ọjọ́ tí òbí gbọ́, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àròpín tàn ọ́. Àròpín á sọ pé ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó ní galactosaemia, wàrà tó ń mu gan-an ló ń ba ara rẹ̀ jẹ́. Àkóràn lè pa á kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ti adrenal hyperplasia tó ń da iyọ̀ ara nù, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ máa ń dákú. Ọmọ tí káàdì rẹ̀ pẹ́ jù lọ, òun ni kí o wá. Bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìsàlẹ̀ ìwé, má bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Wọ́n á fẹ́ kí o kọ ìwé ìwádìí lórí jíìnì tuntun kan. Kọ ọ́ bó bá wù ọ́, ó dára fún orúkọ rẹ. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí jíìnì tó fi káàdì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlera (lẹ́yìn oṣù mẹ́ta):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo padà wá jíṣẹ́.

Mo ka ìwé láti ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Olùka_Ọjọ́ ṣe wí. Nínú ogún káàdì tó pẹ́ jù, ibì kan náà ni mẹ́tàlá ti wá: ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí lábù máa ń yìn nítorí pé iṣẹ́ wọn mọ́. Lóòótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń kún àmì róbótó rẹ́gí, ìwé wọn ṣeé kà, lábù kì í dá káàdì wọn padà rí. Mo lọ síbẹ̀, mo jókòó ti agbẹ̀bí wọn láti àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Agbẹ̀bí ṣe ní kí n ṣe. Ó gún ọmọ kan, ó tẹ́ káàdì sílẹ̀ kó gbẹ, gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe yẹ. Nígbà tó gbẹ, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó fi lé mẹ́rin mìíràn lórí, ó sì tì í.

Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa lọ. Ó ní, "Bí àpòòwé bá kún." Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ ni, pé kò dáa kí èèyàn máa yọ ẹni tó ń kó o lẹ́nu nítorí káàdì kan ṣoṣo. Mo wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú dúrọ́ọ̀ yẹn. Èsì rẹ̀ dára, a dúpẹ́. Agbẹ̀bí náà mú un lọ́wọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Mi ò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí? Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìlànà wa pé kí káàdì kan ṣoṣo máa dá lọ.

A ti kọ ọ́ báyìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tó bá gbẹ lónìí, ó ń lọ lónìí, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan.

Arúgbó_Lábù:
Ọdún mélòó ni mo fi gba àpòòwé kíkún láti irú ibẹ̀ yẹn, tí inú mi ń dùn pé wọ́n ṣètò dáadáa.

Olùka_Ọjọ́:
Àwọn méje tó kù nínú ogún yẹn ńkọ́?

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gún gbogbo wọn.

Agbẹ̀bí_Òru:
Ta ló ń gba àpòòwé ní lábù yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Àkẹ́kọ̀ọ́_Ìlera:
Kò sẹ́nì kankan, Mà. Ìyẹn ni mò ń kọ ìwé sí ọ̀gá lé lórí lọ́wọ́ báyìí.